Omi Àlùwàlá Nídìí Orò

Ọdọọdún ni ìyá Mùtíátù ń ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú pé, "Tí Iléyá bá dé, màá wá wo ilé ọkọ rẹ." Iléyá dé títí, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún kò jẹ́ kó wá. Ó kú lọ́dún 1991 láì fojú kan Èkó.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀ka kan lára igi orò tí ìyá fi ṣe ọgbà yí ilé ká ni Mùtíátù mú bọ̀ wá sílé ọkọ rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì gbìn ín sínú kóròbá. Nígbà tó padà lọ lọ́dún kejì, wọ́n ti ta ilẹ̀, katakata sì ti hú ọgbà náà tán. Inú kóròbá tó ń jò lágbàlá ni ìyókù ìyá rẹ̀ wà. Àárò ìyá ń sọ ọ́ gan-an, ẹ̀gbẹ́ kóròbá yìí ló sì máa ń jókòó sí ṣa ẹ̀wà.

Orò kì í fẹ́ omi púpọ̀. Àmọ́ Alfa Ṣàíbù, àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀, kò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni Alfa ń ṣe àlùwàlá, ẹ̀ẹ̀marùn-ún náà ló ń da ìyókù omi kẹ́tùlù sídìí igi.

"Kí igi ìyá ẹ náà jẹ láádá, ìyàwó."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Ta ni yóò sọ fún àgbà pé kó má ṣe oore mọ́? Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí òjò ọdún náà tó dá, ìdí orò ti rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àpọ́njù.

Mùtíátù sunkún. Ó wá ṣe bí ìyá ṣe kọ́ ọ: ó lé àwọn ọmọdé jìnnà, ó fi nylon wé ọwọ́ méjèèjì, ó fi awò ọkọ rẹ̀ bo ojú, nítorí oje orò lè fọ́ni lójú. Ó gé e lókè ibi tó ti jẹrà. Oje funfun ń dà ṣùrùṣùrù, ó fi eérú dí i, ó fi ọṣẹ fọ ọ̀bẹ àti ọwọ́. Ó gbé ẹ̀ka tó gé náà sábẹ́ àtẹ̀gùn fún ọjọ́ mẹ́wàá kí ojú egbò lè gbẹ.

Alfa rí kóròbá òfìfo. "Ìyàwó, igi dà?"

Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Omi ló fẹ́ pa á. Mi ò sì ní òmíràn."

"Subuhanallahi! Èmi ni mo fẹ́ pa ìyá ẹ? Kí ló dé tó ò sọ?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí Mùtíátù tún ẹ̀ka náà gbìn sínú kóròbá, ẹ̀bá gọ́tà ni Alfa ti ṣe àlùwàlá. Bó ti ń kọjá, ó dúró níwájú kóròbá.

"Ìyá ìyàwó wa, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ káàbọ̀ sí Èkó."

Mùtíátù, tó ń dáná lọ́wọ́, gbọ́ ọ. Ó fi etí ìró nu ojú. Kò sẹ́ni tó kí ìyá rẹ̀ káàbọ̀ sí Èkó rí.