Etí Bàbá Onípákó

Ohùn ayùn ni Bàbá Onípákó fi ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìlagi. Bí ayùn bá fẹ́ já, ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ di tín-ín-rín, bàbá á sì pa ẹ̀rọ kíá. Lánàá, ayùn ké tín-ín-rín, gbogbo ènìyàn sá. Bàbá dúró digbí. Ayùn já, ó ya ẹ̀wù rẹ̀ léjìká.

“Ìdọ̀tí etí lásán ni,” ló ń tẹnu mọ́ fún dókítà. “Ẹ ṣáà bá mi fọ̀ ọ́.”

“Èmi rò pé ó ń kọ etí ikún sí mi ni,” ìyàwó rẹ̀ sọ látorí àga ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Dókítà tan iná sí etí méjèèjì. Wọ́n mọ́ tónítóní. Ó mú irin ẹlẹ́nu méjì kan tó máa ń dún bí wọ́n bá lù ú, ó pariwo sí bàbá létí: “Bó bá jẹ́ ọ̀nà etí ló dí, ẹ ó gbọ́ irin yìí lórí eegun. Bó bá jẹ́ iṣan inú ló kú, kò sóògùn ẹ̀ o.”

Bàbá dijú. Dókítà lu irin, ó gbé e lé eegun ẹ̀yìn etí rẹ̀. Ìyàwó gbọ́ ọ láti ìdí ògiri, ó fọwọ́ bo ẹnu.

“Dókítà,” bàbá ní, “ẹ lù ú o. Mo ti ń dúró.”