Bírò Mẹ́ta Lórí Tábìlì

Yàrá kan náà lèmi àti ọ̀rẹ́ mi ń gbé ní àdúgbò Òkè-Ìlá nígbà tí a ń ka ìṣirò ní yunifásítì l'Adó. Ọmọ àgbẹ̀ onírẹsì láti Ìgbẹ́mọ ni. Bí inú rẹ̀ bá ti dùn, èdè ilé wọn ló máa ń bọ́ sí. "Ulé" ló máa ń pe ilé.

Ọdún kejì wa kò tíì parí tí àìsàn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ojú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní òun kò rí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù mọ́. Nígbà tó yá, kò rí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Àwọn ará ilé mú un lọ, a ò sì rò pé yóò padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé padà, ìyá rẹ̀ fà á lọ́wọ́ wá.

Ìyá náà sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, ó ní òun ò ní fi ìṣirò sílẹ̀. Ẹ jọ ṣe é o."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń kàwé sí i létí nìyẹn. Nọ́ńbà kì í dà á láàmú. Ó ń fi orí ṣe ohun tí mo ń fi odidi ojú ewé kan ṣe. Ààyè fẹ́ktọ̀, ẹ̀kọ́ nípa ọ̀nà tí ọfà kọjú sí àti ibi tí a lè bá a dé, ló há a lọ́rùn. Olùkọ́ wa, obìnrin kan tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, a máa ya ọfà sára bọ́ọ̀dù. Ọ̀rẹ́ mi á kàn jókòó, á máa gbọ́ bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń dún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbórí lé tábìlì wa. "Kí ni àwọn ọfà yẹn ń ṣe gan-an?"

Mo ṣàlàyé títí, kò yé e. Ni mo bá tẹ́ bírò méjì sórí tábìlì, ìdí wọn pàdé, orí wọn yà síra. Mo fi ìka rẹ̀ lé wọn.

"Ọ̀nà méjì nìyí. O lè tọ èkíní lọ síwájú tàbí sẹ́yìn bó o ṣe fẹ́, kó o wá yà sí apá ibi tí èkejì kọjú sí. Ibo lo lè dé?"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra tábìlì náà láti etí kan dé èkejì. "Gbogbo ibí."

Mo tẹ́ bírò kẹta sáàárín wọn. "Èyí ńkọ́?"

"Kò fi nǹkan kan kún un. Ibi tó ń lọ, àwọn méjì yẹn lè gbé mi débẹ̀."

Mo wá gbé ẹ̀kẹta náà nàró. Ó fọwọ́ bà á láti ìdí dé orí, ó ń na ọwọ́ lọ sókè nínú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Gbogbo ulé pátá! Títí dé àjà!"

Mo ní iye ọ̀nà tó dá dúró bẹ́ẹ̀, tí a ò lè fi àwọn yòókù ṣe, òun là ń pè ní ráǹkì. Mo ka mátíríìsì kan fún un, àwọn nọ́ńbà tí a tò ní ìlà ìbú àti ìlà òòró: ìlà ìbú àkọ́kọ́ jẹ́ ení, èjì, ẹ̀ta; èkejì jẹ́ èjì, ẹ̀rin, ẹ̀fà; ẹ̀kẹta jẹ́ ení, òdo, ení. Kíá ló ní èkejì kì í ṣe tuntun, ìlọ́po méjì àkọ́kọ́ ni. Ráǹkì jẹ́ méjì. Mo fẹ́ bọ́ sórí iṣẹ́ mìíràn.

"Dúró ná. Tí a bá kà á láti òkè wá sílẹ̀ ńkọ́?" Ètè rẹ̀ ń mì. "Tí a bá ro ìlà òòró àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ èkejì, ẹ̀kẹta nìyẹn. Méjì náà ló tún kù! Ta ló sọ fún ìlà òòró ohun tí ìlà ìbú ń ṣe?"

Orí mi wú. A gbé òmíràn yẹ̀ wò, àti òmíràn. Wọ́n bára mu ṣáá.

Nígbà tí a tún pàdé ní kíláàsì, ó nawọ́, ó béèrè ìdí tí iye ti ìbú àti ti òòró fi ń bára mu. Olùkọ́ wa gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n máa ń dọ́gba?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, Mà. A kàn ń wá a kiri ni."

"Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn." Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an ló ṣe é fún wa. Bí ìlà ìbú méjì bá tó láti fi kọ́ gbogbo ìyókù, iye tí a bù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti kọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan yóò di ìlà òòró méjì, àwọn yẹn ni yóò sì tó láti kọ́ gbogbo ìlà òòró. Torí náà ráǹkì òòró kò lè ju ti ìbú lọ. Dá mátíríìsì náà dùbúlẹ̀, kí ìbú di òòró, ti ìbú náà kò lè ju ti òòró lọ.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọ," olùkọ́ wa wí, "ó ṣì ń yà mí lẹ́nu."

Ọ̀rẹ́ mi yege. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò báyìí; iṣẹ́ ìjọba lèmi ń ṣe. Láìpẹ́ yìí ó pè mí, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ kan bi òun bóyá ààyè kan wà tí iye ọ̀nà inú rẹ̀ kò lópin.

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní ó wà."

Mo mú bírò kan lórí tábìlì ọ́fíìsì mi, mo gbé e nàró, mo sì ní kó ṣàlàyé rẹ̀ fún èmi náà.