Òdòdó Inú Sódàbì

Ejò ló kọ́ mi bí a ṣe ń tọ́jú òdòdó. Mo gbálẹ̀ fún oṣù díẹ̀ ní ọsibítù àwọn Faransé ní Lomé, ibẹ̀ ni mo ti rí i nínú ìgò ọtí. Wọ́n ní ó ti wà níbẹ̀ láti ayé ìjọba Jámánì. Kò jẹrà. Ojú rẹ̀ ń wò mí, èmi náà kì í gbálẹ̀ dé ìdí tábìlì tí wọ́n gbé ìgò náà lé.

Ọmọ kan ṣoṣo ni àbúrò mi obìnrin bí. Lọ́jọ́ àjọ̀dún àwọn Faransé, ilé ìwé ní kí ọmọ náà gbé ìdì òdòdó fún ìyàwó gọ́mìnà. Ìyàwó gọ́mìnà yọ ẹyọ pupa kan, ó fi há ọmọ náà létí. Ọmọ náà sáré wá bá mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kú."

Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ta ló máa bi mí? Mo lọ wá sódàbì, ọtí tí wọ́n ń sè láti ara ẹmu, tí ìjọba ti fòfin dè. Mo bù ú sínú ìgò pòmáàdì, mo sọ òdòdó sí i.

"Ọtí? Nínú ilé ìmàle?" àbúrò mi pariwo.

"Òdòdó ló ń mu ún, kì í ṣe àwa."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ibà pa ọmọ náà. A sin ín sínú yanrìn, òjò sì tẹ́ ibẹ̀ pẹrẹsẹ. A kò ní fọ́tò rẹ̀. Ẹni tó ya fọ́tò lọ́jọ́ àjọ̀dún, àwọn òyìnbó nìkan ló yà. Ìgò yẹn ló kù. Àwọ̀ òdòdó náà ti ṣá, ó funfun bí ẹran tí wọ́n bọ̀, síbẹ̀ ó pé. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun, àbúrò mi á gbé e sí ìmọ́lẹ̀, á wò ó, á dá a padà sẹ́yìn ìkòkò omi, kó tó gba ọjà lọ.

Àwọn gáàdì, ọlọ́pàá ìjọba, wá bẹ̀rẹ̀ sí tú ilé kiri nítorí sódàbì. Wọ́n mú ọkùnrin kan ní àdúgbò Nyékonakpoè, wọ́n so ó lọ́wọ́ sẹ́yìn lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí èmi nìkan wà nílé, mo gbọ́ bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀rù a máa sọ àwọn kan di akọni. Tèmi mú kí n máa gbé ìgò náà yí yàrá po. Bí mo bá da ọtí yìí sílẹ̀, ilẹ̀ á rùn. Bí mo bá jù ú sẹ́yìnkùlé, wọ́n á rí i. Ni mo bá gbé e, mo dà á sọ́fun. Èmi tí n kò tọ́ ọtí wò rí! Ó jó mi dé ìdí. Nǹkan rírọ̀ kan bá a wá, mo rún un, mo gbé e mì kí n tó mọ ohun tí mo ṣe.

Gáàdì méjì yọjú. Ọ̀kan fi èdè Mínà bi mí pé níbo ni ilé ẹni tó ń rán fìlà wà. Mo nawọ́ síbẹ̀. Ó gbóòórùn ẹnu mi, ó wo tẹ̀sùbáà ọwọ́ mi.

"Àlùfáà, ẹ rọra o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ.

Nígbà tí àbúrò mi dé, mo jẹ́wọ́ fún un. Mo tilẹ̀ fi àwàdà sí i pé èmi náà kò ní jẹrà mọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Láti kékeré, "ẹ̀yin" ló ń pè mí, bí a tilẹ̀ ń jà.

"Ya ẹnu rẹ," ó ní.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ya ẹnu rẹ."

Mo ya á. Ó yí mi sí ìmọ́lẹ̀, ó ń wo eyín mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá egungun ẹja lọ́fun ọmọ. Ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ nǹkan funfun kan lẹ́yìn eyín ìsàlẹ̀. Kò tó èékánná ọmọ tuntun. Ó nù ún, ó dì í sí etí ìborùn rẹ̀.

Mo ní àárín ìwé ni àwọn òyìnbó mìíràn máa ń fi òdòdó sí kó má bàa bàjẹ́, mo ní bóyá kí n...

"Pa ẹnu rẹ dé."

A jọ gbé fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń bu oúnjẹ fún mi, ó ń fọ aṣọ mi. Kò tún pè mí ní "ẹ̀yin" mọ́, n kò sì bèèrè.