Nígbà Tí Mo Yọ Ọwọ́ Nínú Aró

Ọdún tí ikùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í ga, mo ti kúrò ní ọmọdé. Nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró lára mi tipẹ́, ọkọ mi sì ti kú. Nítorí náà, nígbà tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn mi, tí wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn, mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Opó lóyún. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ wá sí ilé wa ní Èjìgbò, ó ní òun wá kí mi. Ó jókòó, ó wo ikùn mi títí, ó ní, "Ìyá, ṣé kò sí ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún wa, ká lè bá yín gbé e síwájú Olúwa?"

Mo ní kò sí.

Ó ní ó dáa. Kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé, ọ̀rọ̀ náà ti dé Másífà, ìlú tó múlé gbè wá.

Aláró ni mí. Ẹ̀yìn ilé ọkọ mi ni ìkòkò aró mi wà, mẹ́sàn-án, mo ri gbogbo wọn mọ́lẹ̀ dé ìdajì lábẹ́ àtíbàbà. Ìyá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Àwọn ará ìlú Ara àti Másífà ń kọjá lára aláró tiwọn kí wọ́n tó gbé aṣọ wá bá mi, nítorí aró mi kì í ṣí. Bí wọ́n fọ aṣọ náà títí tó fi gbó, dúdú rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀.

Ìgbà tí n kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ìkòkò mọ́ ni mo wọ lọ́rì lọ sí ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó ajíhìnrere ní ìlú mìíràn. Dókítà fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ikùn mi, ó sì sọ̀rọ̀ fún nọ́ọ̀sì, ọmọ Yorùbá tó ń bá wa túmọ̀.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá, kì í ṣe ọmọ o. Kókó ni, ó sì ti tóbi. Dókítà ní àfi kí àwọn la ikùn yín, kí àwọn yọ ọ́."

"Ṣé n ó yè?"

Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀. "Ó ní òun kì í purọ́ fún àgbà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ lára yín, ẹ lè yè. Bí ẹ ṣe wà yìí, ẹ̀jẹ̀ yín kò tó."

Wọ́n ní kí n lọ múra fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí n máa jẹ ẹ̀dọ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kí n máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún mi, kí n má gbé ohun wúwo. Kí n sì mú ẹbí kan tó lè fún mi ní ẹ̀jẹ̀ dání nígbà tí mo bá ń bọ̀. Mo ti dìde tán kí nọ́ọ̀sì tó di ọwọ́ mi mú.

"Kí ló ṣe èékánná yín tó dúdú báyìí?"

"Aró ni."

Ó fi ọwọ́ náà han dókítà. Dókítà mi orí. Nọ́ọ̀sì wá ní, "Ìyá, bí a bá ti fún yín ní oògùn oorun, èékánná yín la ó máa wò ká lè mọ̀ bóyá èémí yín ń lọ dáadáa. Bó bá ti ń dúdú, ewu ti dé nìyẹn. Tiyín ti dúdú kí ewu tó dé. Ẹ má ti ọwọ́ bọ aró mọ́ títí ẹ ó fi padà wá."

Ikùn ni mo gbé wá. N kò mọ̀ pé ọwọ́ mi ni wọn ó kọ́kọ́ gbà.

Ẹni tí kò bá mọ aró lè rò pé èèyàn lè de ìkòkò kó máa lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ là ń wò ó, à ń rò ó, à ń bu omi eérú kún un. Bí mo bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí n tó tún ka ọ̀sẹ̀ ilé ìwòsàn mọ́ ọn, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló máa bàjẹ́. Mo nílò ọwọ́ ẹlòmíràn.

Àbúrò mi ni mo lọ bá, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo tó kù láyé. Láti ìgbà ọmọge ló ti tẹ̀lé ọkọ lọ sí Abíjàn, kò kọ́ iṣẹ́ ìyá wa. Ọdún tó ṣáájú ni ọkọ náà fẹ́ ẹlòmíràn, tó kó ẹrù rẹ̀ síta. Ó padà sí agbo ilé baba wa pẹ̀lú àpótí kan, ó ń ta ṣúgà àti iyọ̀ lórí àtẹ níwájú ilé. Mo sọ ohun tí dókítà sọ fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó wá bá mi tọ́jú aró. N kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdí tó fi ní, "Wi, ẹ̀gbọ́n mi." Bí wọ́n ṣe ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ní Abíjàn nìyẹn. Ó gbé àtẹ rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé ṣe. Mo pe káfíńtà kó gé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi kúrú, nítorí nọ́ọ̀sì ní n kò ní lè gun ibi gíga bí mo bá dé. Mo ní kí wọ́n dí ibi tó ń jò lórí pánù. Mo ra igi ìdáná, mo tò ó dé òkè fèrèsé. Mo dá aṣọ oníaṣọ padà, èyí tí mo ti rẹ àti èyí tí n kò tíì fọwọ́ kàn, kí ẹnikẹ́ni má baà wá máa bá òkú fa ọ̀rọ̀ aṣọ.

Mo kọ̀wé sí ọmọkùnrin mi ní Abíjàn, ọmọ kan ṣoṣo tó yè fún mi. Èsì dé. Ó ní kí n ṣe bí mo bá ti rí i pé ó tọ́, òun ń gbàdúrà.

Àbúrò ọkọ mi, tó ń ṣe baálé ilé wa, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi lọ́jọ́ tí káfíńtà ń gé bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyàwó, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí máa wà?"

"Ọwọ́ mi ni, ọkọ mi."

"Bí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?"

"Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ já ilẹ̀kùn."

Ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, mo bá a lẹ́yìn ilé, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn abẹ́ àtíbàbà mi. Ó ní òun kàn ń wo ibi tí iṣu lè gbé nígbà tí òun bá wa á. Mo ṣì wà láàyè, mo dúró níwájú rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró. Ó wọ̀n ọ́n dé ìparí.

Ní ti ara mi, mo ṣe gbogbo ohun tí wọ́n wí. Mo jẹ ẹ̀dọ̀ títí òórùn rẹ̀ fi sú mi. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti yanrìn bó ọwọ́ mi láràárọ̀ títí awọ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ mọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n èékánná kò gbọ́. Mo ní láti dúró kó hù, kí n máa gé e. Obìnrin ẹgbẹ́ wa yẹn tún wá nígbà tó gbọ́ pé kókó ni. Ó ní àwọn ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, iṣẹ́ ló kù. Mo jókòó lórí àpótí lẹ́bàá ìkòkò, mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo ń fi ẹnu kọ́ àbúrò mi.

"Fi omi eérú náà kan ahọ́n."

"Ó ń ta mí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Bí kò bá ta ọ́, kò ní mú aṣọ."

Aṣọ tó kọ́kọ́ rẹ jáde bí àkísà tí wọ́n fi nu àwo. Mo jù ú sílẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ó sunkún, ó nu ojú, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gbé aṣọ kan fún mi, mo tú inú rẹ̀ síta, mo gbé e sínú oòrùn, mo ń wá ibi tí mo ti máa bá a wí. N kò rí i. Inú mi kò dùn. Mo kọ èyí síbí nítorí ìgbà yẹn ló yẹ kí n ti mọ irú ẹni tí mo jẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni n kò tíì fi hàn án. Èèpo igi kan wà tí ìyá mi máa ń fi sí abẹ́ eérú kó tó sẹ́ omi rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí aró wa ṣí. Ìyá mi ní ọmọ mi obìnrin nìkan ni kí n sọ ọ́ fún, àwọn ọmọbìnrin tí mo bí kò sì dúró. Nígbà tó ku ọjọ́ kan tí a ó lọ, mo mú àbúrò mi lọ sí ọ̀nà oko ìyá wa, mo fi ọwọ́ kan igi náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Mo rò pé ikú ni mò ń lọ kú. Bí mo bá mọ̀ pé n ó yè, ǹ bá má fi hàn án, kò sì yẹ kí n purọ́ nípa rẹ̀.

A dé ilé ìwòsàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára àwa méjèèjì, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó bá ara mu. Nínú gbogbo agbo ilé ọkọ mi, ẹnì kankan kò tẹ̀lé mi. Àbúrò mi na ọwọ́ fún wọn kí wọ́n tó bi í léèrè. Mo rí i bó ṣe dùbúlẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń sàn lọ sínú ìgò. Mo ní, "Àbúrò mi, o ṣeun." Ó ní, "Ẹ gbà á, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Wọ́n la ikùn mi. Kókó tí wọ́n yọ tó orí àgbàlagbà. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá mo fẹ́ rí i, mo ní rárá. Lọ́jọ́ karùn-ún, nígbà tí mo lè mu ẹ̀kọ, èmi fúnra mi ni mo sọ fún àbúrò mi pé, "Máa lọ sílé, lọ bá mi tọ́jú aró." Kò fẹ́ lọ. Èmi ni mo lé e.

Egbò mi di ọ̀ràn, ó ṣọyún, wọ́n sì dá mi dúró ju bí a ti rò lọ. Nígbà tí mo fi sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rì ní Èjìgbò, ó ti lé ní oṣù méjì. Àbúrò mi wá pàdé mi. Bó ṣe rí mi lórí ẹsẹ̀ mi, ó bú sẹ́kún, ó di mọ́ mi. Mo rò pé ẹkún ayọ̀ ni. Ó ṣeé ṣe kí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ayọ̀.

A dé ilé, mo gba ẹ̀yìn lọ. Ihò mẹ́sàn-án ni mo bá nílẹ̀. Wọ́n ti kó erùpẹ̀ dí mélòó kan nínú wọn, iṣu sì ti wà lábẹ́ àtíbàbà mi, wọ́n tò ó dáadáa.

"Àwọn ìkòkò mi ńkọ́?"

"Mo ti kó wọn lọ sí ilé baba wa, ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ yín ló ní kí n kó wọn kúrò. Wọ́n ní ẹ kò ní padà wá."

"Mo ti padà wá. Kó wọn padà."

Ohùn àbúrò mi rọ̀ bí ti ẹni tó ń bẹ ọmọ kó jẹun. "Ẹ̀gbọ́n mi, dókítà ní ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan wúwo mọ́. Ẹ jókòó, ẹ sinmi. N ó máa bọ́ yín."

"N kò ní kí o bọ́ mi. Iṣẹ́ ìyá mi ni mo ń bi ọ́ léèrè."

"Ṣé kì í ṣe ìyá tèmi náà ni?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbójú sókè wò mí. "Ẹ ní àtíbàbà, ẹ ní ọmọ, ẹ ní orúkọ. Àtẹ iyọ̀ ni mo ní. Ẹ̀yin lẹ pè mí. Nígbà tí ẹ nílò ẹ̀jẹ̀, mo fún yín. Kí lẹ tún fẹ́ kí n kó sílẹ̀?"

Ta ni mo fẹ́ ro ẹjọ́ rẹ̀ fún, tí n ó ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń bẹ lára mi ti jà mí lólè?

Síbẹ̀, mo gbìyànjú rẹ̀. Mo gbé ọ̀ràn náà dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n gbọ́ tẹnu àwa méjèèjì, wọ́n ní kí n dúpẹ́ fún ẹ̀mí mi, ìkòkò kò tó ẹ̀mí. Mo ra ìkòkò tuntun méjì, mo sanwó fún ẹni tó rì wọ́n fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná. Aró náà dára. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ara ti mọ ọ̀nà ilé baba wa, àbúrò mi ni wọ́n sì ń pè ní Ìyá Aláró báyìí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ojú ọgbẹ́ á máa fà mí. Nígbà tó pé ọdún kan, mo dáwọ́ dúró. Ewé ẹ̀lú tí a fi ń ṣe aró ni mo ń gún báyìí, mò ń rọ ọ́ ní ìṣù, mò ń sá a. Àbúrò mi ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la ṣì jọ ń lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó máa ń gbé ọbẹ̀ ẹran wá fún mi nínú abọ́ onídèérí tó mú ti Abíjàn dé, á kúnlẹ̀ kí mi, á bi mí bóyá ojú ọgbẹ́ kò dùn mí, á sì máa lọ. Bí ó bá lọ tán, mo máa ń rò pé n ó dà á fún ajá. N kò dà á rí. Ó mọ ọbẹ̀ sè.