Nọ́ńbà Kan Náà ní Ìbà àti Òkókómáíkò

Alhaja kì í pè mí láàárọ̀ Mọ́ńdè, nítorí náà, bí mo ṣe rí orúkọ wọn lórí fóònù ni mo mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Àwọn ló ni ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta, ọ̀kan ní Ọ̀jọ́, ọ̀kan ní Ìbà, ọ̀kan ní Òkókómáíkò. Èmi ni mo so kọ̀ǹpútà gbogbo wọn, èmi obìnrin, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ládùúgbò gbàgbé.

"Ṣadé, èsì àyẹ̀wò bàbá kan ní Òkókó ló jáde ní Ìbà. Wọ́n ti ń nà án sí obìnrin kan kí wọ́n tó ka orúkọ. Tó bá lọ fi lo oògùn ńkọ́?"

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí à ń pè ní àdírẹ́sì IP. Nọ́ńbà yìí ni iṣẹ́ tí a rán fi ń mọ ibi tó ń lọ. Àwa onímọ̀ ẹ̀rọ sì ní ìwà kan: ètò tó bá ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, a ó máa dà á kọ kiri. Nọ́ńbà tí mo lò ní Ọ̀jọ́ ni mo lò ní Ìbà, òun náà ni mo gbé lọ sí Òkókó. Nígbà tí kálukú dá dúró, kò sí wàhálà. Àmọ́ mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni, pírǹtà mẹ́ta wá ń jẹ́ nọ́ńbà kan. Tí ilé mẹ́ta ní òpópónà kan bá ń jẹ́ Nọ́ńbà Márùn-ún, ta ni lẹ́tà á bá?

Mo lè di ẹ̀bi ru àwọn tó ń ta dátà. Ta ni kò ní gbà mí gbọ́ ní Èkó? Ṣùgbọ́n ojú tì mí láti purọ́ lórí ìlera èèyàn.

"Alhaja, èmi ni mo ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

Alhaja ní, "Títí di Jímọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá wá ẹlòmíràn."

Mo kọ́kọ́ já mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lára ara wọn. Lẹ́yìn náà ni mo mú páálí àti bírò, ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Mo fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀wọ́ nọ́ńbà tirẹ̀, mo ya ti pírǹtà sọ́tọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà, mo sì fi àlàfo ńlá sílẹ̀.

"Kí ni gbogbo àlàfo yìí? Mẹ́ta péré ni mo ní," ni Alhaja wí.

"Ẹ ò ní dúró sí mẹ́ta, Alhaja."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Nígbà tó fi di ọ̀sán Tọ́sìdeè, èsì Òkókó ti ń jáde ní Òkókó nìkan.

Ilé àyẹ̀wò Alhaja ti di méje báyìí. Mi ò yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà kí n tó fi mẹ́rin yòókù kún un, mo sì ń fi yangàn. Lọ́jọ́ tí a ṣí èyí tó wà ní Ìyànà Ìbà, ọkùnrin tó wá gbé kámẹ́rà kọ́ wo páálí ètò náà tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri.

"Ta ló ṣe èyí? Ó mọ́ gan-an."

Alhaja nawọ́ sí mi. "Òun ni. Òun náà ló kọ́kọ́ bà á jẹ́, òun náà ló sì fẹnu ara ẹ̀ sọ fún mi."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Alhaja ni mo gbé lọ sílé.