Ilé Ẹja Tó Wà Níwájú Ilé Mi

Òórùn ló kọ́kọ́ dé. Mo jókòó sí fàràǹdá mi lówùúrọ̀ Sátidé kan, mo ń mu tíì, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbé e wá láti etí omi: òórùn ẹrẹ̀, òórùn ìṣáwùrú, òórùn igi tó ti pẹ́ nínú omi. Ìyàwó mi yọjú síta, ó fọwọ́ bomú, ó ní kí n dìde wá ti fèrèsé. N kò lè dìde. Òórùn yẹn ti bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ mi, ó ti so akèrègbè mọ́ mi láyà, bí wọ́n ṣe máa ń so ó mọ́ wa nígbà tí a ń kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ mọ ibí yìí sí ẹ́sítéètì, tí ẹ máa ń wá ya fọ́tò létí adágún omi wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Láti Ìba títí dé ibi tí adágún yìí ti ya lára ọ̀sà, oko ẹ̀gẹ́ àti igi ọ̀pẹ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tí ẹni méjì kò lè rìn pọ̀ kí ọ̀kan má tẹ ewé. Ìdílé wa ló ni ilẹ̀ náà. Bàbá Múfú, apẹja tó wá láti ìlú kan ní ìhà Ògùn, ni bàbá bàbá mi fún ní etí omi kó máa gbé. Ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́, wọ́n mu omi lé e, ó parí. Láti ọjọ́ náà, nígbàkígbà tí Bàbá Múfú bá pẹja, agbọ̀n àkọ́kọ́ á wá sí ilé wa. Ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn. Bàbá Múfú á fi ọwọ́ méjèèjì gbé agbọ̀n náà, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, Múfú ọmọ rẹ̀ á sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, á máa yọ ahọ́n sí mi. Ẹgbẹ́ kan náà ni èmi àti Múfú. Nítorí agbọ̀n yẹn ló ṣe ń pè mí ní Onílẹ̀, tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ kì í ṣe kí a kàn da àwọ̀n sómi. Ilé ló ń kọ́ fún ẹja. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé, á gé ẹ̀ka igi, èmi àti Múfú á máa rù ú, a ó sì máa jiyàn lórí ẹni tí tirẹ̀ wúwo jù. Bàbá á rì wọ́n mọ́ ẹrẹ̀ níbi tí omi kò jìn, ní ìlà-ìlà, á fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn bí ẹni ń la títì. Lẹ́yìn náà, a ó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ aṣọ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ pariwo, títí òjò á fi dé, tí á sì lọ. Nígbà yẹn, ohun yíyọ̀ tí ẹja ń jẹ ti bo gbogbo igi, ẹja ti wọlé, wọ́n ti bímọ, a ó wá fi àwọ̀n yí wọn ká.

Ara mi kò balẹ̀ lọ́dún kan. Mo fa ẹ̀ka kan yọ láti wò ó bóyá ẹja ti dé. Bàbá Múfú kò nà mí. Ó ní kí n dá a padà, ó wá sọ pé, “A kì í ṣí òrùlé onílé wò bóyá ó wà nílé.” Múfú fi ọ̀rọ̀ náà bú mi títí ọdún fi yí po.

Nígbà tó yá, àwọn tó fẹ́ kọ́ ẹ́sítéètì dé, ìdílé wa sì ta ilẹ̀ náà fún wọn. Nínú owó ilẹ̀ náà ni wọ́n ti rán mi lọ sí yunifásítì. Nígbà tí mo fi padà dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mi, Bàbá Múfú ti kó lọ sí òdìkejì omi, kò sì sẹ́ni tó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ lọ. Àwọn awọnlẹ̀ wá, wọ́n ri èèkàn mọ́lẹ̀ ní ìlà-ìlà, wọ́n fi àyè títì sílẹ̀. Wọ́n gbin igi òdòdó, iná dé, omi ẹ̀rọ dé, ilé ìwé dé, àwọn èèyàn wọlé, wọ́n sì bímọ. N kò ní purọ́, ó rẹwà. Ìdílé wa mú ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún mi níbẹ̀. Ibi tí fàràǹdá mi wà ni Bàbá Múfú máa ń sá àwọ̀n sí. Mo máa ń gbé àga mi kúrò lójú ibẹ̀ gan-an, bí ẹni pé ìyẹn tún nǹkan ṣe.

Ilẹ̀ ni wọ́n tà, wọn kò ta omi. Nítorí náà, lọ́dọọdún, Múfú ń wa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ wá ri igi síwájú wa, bí bàbá rẹ̀ ti ṣe. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn olùgbé wá sọ pé àwọn fẹ́ tún ojú adágún ṣe, mo rò pé ike àti ọ̀rá ni wọ́n fẹ́ kó. Mo tiẹ̀ yìn wọ́n. N kò bèèrè.

Igi Múfú ni wọ́n kó. Òun ló ń rùn lówùúrọ̀ yẹn, ó wà ní òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà mi, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ sì ń ta pọ́npọ́n nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọmọ tó ń ṣọ́ géètì fi pè mí lórí fóònù. Ó ní, “Daddy, bàbá kan wà níbí. Wọn ò mọ nọ́ńbà ilé kankan o. Wọ́n ṣáà ní àwọn fẹ́ rí Onílẹ̀.”

Múfú ti gbó, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbó. Ó wò mí láti orí dé ikùn, ó ní, “Onílẹ̀, o ti sanra bí ẹja inú igi mi. Ó yẹ kí n fi àwọ̀n kó ọ.” Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó gbé e wá. Kò wá jà. Ó ní kí a jẹ́ kí òun dá igi òun padà sómi kí oòrùn tó pa ohun tó wà lára rẹ̀, torí tó bá gbẹ, ẹja kò ní wọ̀ ọ́ lọ́dún yìí, òun kò sì ní iṣẹ́ mìíràn.

Mo ká ṣòkòtò mi sókè, a bẹ̀rẹ̀ sí í rù ú. Alága ẹgbẹ́ àwọn olùgbé wa sáré dé, ọmọ dáadáa kan tó ń ta ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní Àlàbá. Ó ní, “Daddy, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ìdọ̀tí ni.”

Mo ní, “Ilé ni. A ti ṣí òrùlé onílé.”

Ó rò ó, ó sì gbà, àmọ́ ó ní kí a rì í sí ẹ̀yìn kọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí kò ti ní ba ojú omi jẹ́. Ó yẹ kí n sọ fún un pé iwájú ibí ni àyè rẹ̀, kí ẹ́sítéètì tó débẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Múfú gbọ́ bí mo ṣe ń dúpẹ́, ó gbé ẹ̀ka tó kàn.

Òjò ti wá, ó ti lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún pè mí láti géètì. Múfú ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ẹja. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, ó bẹ̀rẹ̀ níwọ̀n bí orúnkún rẹ̀ ṣe gbà á láyè.

Mo ní, “Múfú, kí lèyí?”

Ó ní, “Ìṣákọ́lẹ̀. Agbọ̀n àkọ́kọ́.”

“Ilẹ̀ wo? A ti tà á.”

Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. “Ẹ̀yin lẹ ta ilẹ̀,” ó ní. “Èmi ò ta ọ̀rọ̀ tí bàbá mi bá bàbá bàbá rẹ sọ.”

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀nà ẹsẹ̀ ti di títì ọlọ́dà, oko ẹ̀gẹ́ ti di ilé alájà. Agbọ̀n yẹn nìkan ni mo rí tí kò yí padà, n kò sì mọ ohun tí mo ṣe tí mo fi yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń gbé e fún. Ṣùgbọ́n mo gbà á. Ìyàwó mi tó fọwọ́ bomú lọ́jọ́sí ló sè é, òun ló sì kọ́kọ́ bu kún tirẹ̀. Ẹja náà dùn. Ì bá sàn fún mi ká ní kò dùn.