Fíìmù tí Òjé Rò fún Fọláwẹ̀mí

Ìtàn fíìmù ni Òjé fi fa ojú Fọláwẹ̀mí mọ́ra. Bàbá ọmọbìnrin náà, alàgbà ìjọ ní Tokoin Wuiti, àdúgbò kan ní ìlú tí wọ́n ti ń sọ Faransé, kò gbà kí ọmọ rẹ̀ kankan fẹsẹ̀ tẹ ilé sinimá. Òjé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ni yóò lọ wo fíìmù, yóò wá dúró ti ẹ̀rọ ìránṣọ Fọláwẹ̀mí, yóò máa rò ó fún un. Èyí tó dùn mọ́ ọn jù ni ti olè onífìlà dúdú kan tó ń ṣọ́ ọkùnrin oníwúrà kiri, títí tó fi yìnbọn pa á ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin.

“Wọn ò sì mú un?”

“Ta ni yóò mú un? Ó tan sìgá, ó bá tirẹ̀ lọ.”

Ọdún gorí ọdún. Wọ́n fẹ́ra, wọ́n bímọ, wọ́n kó lọ sí àdúgbò Agbalépédogan nínú ìlú kan náà. Ṣọ́jà tó gbàjọba nígbà èwe wọn ṣì wà lórí oyè.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Véronique aládùúgbò wọn tó ra ẹ̀rọ fídíò pe Fọláwẹ̀mí wá wòran. Bí fìlà dúdú yẹn ti yọ nínú tẹlifíṣọ̀n, ó dá a mọ̀: fíìmù Òjé nìyí! Ṣùgbọ́n Fọláwẹ̀mí gbọ́ Faransé láti ilé ìwé. Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni ẹnu ń yà á. Onífìlà kì í ṣe olè rárá, ọlọ́pàá ni! Oníwúrà gan-an ló pa ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò.

Kò rẹ́rìn-ín. Òjé ò gbọ́ Faransé kankan, ojú lásán ló fi wò ó. Kí ló wá rí?

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kejì, ó mú ọkọ rẹ̀ lọ sílé Véronique, ó jókòó tì í, ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí i létí.

“Ọlọ́pàá kẹ̀?” ni Òjé wí. “Ọlọ́pàá wo ló ń yọ́ rìn báyìí? Àwọn tiwa tó ń fẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn ńkọ́?”

“Bàbá Àrìnkẹ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀.” Fọláwẹ̀mí bojú wo fèrèsé.

Òjé wò ó dé òpin. Nígbà tí ìbọn dún, ó mí kanlẹ̀.

“Onífìlà, má bínú o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bà ọ́ lórúkọ jẹ́.”

Ìbéèrè ni Fọláwẹ̀mí fi kún ọ̀nà bí wọ́n ti ń lọ sílé. “Fíìmù mìíràn tí ẹ rò fún mi, ti obìnrin tó ń sunkún lójú fèrèsé yẹn ńkọ́? Ṣé lóòótọ́ ni ọkọ rẹ̀ kú?”

Òjé họrí. “Ohun tí mo rí nìyẹn. Àbí kò kú?”

Láti ìgbà náà, wọ́n ń bẹ Véronique pé kó máa bá wọn wá àwọn fíìmù àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò béèrè mọ́. Wọ́n rí díẹ̀ nínú wọn. Òjé gba àwọn kan bí wọ́n ti rí, ó sì jà pé bí òun ti rò ó ló tọ́ nínú àwọn yòókù. Ti obìnrin ojú fèrèsé ni wọn ò tí ì rí, wọ́n ṣì ń wá a.